Wọ́n Ní Ìyá Ló Jẹ Ẹ̀dọ̀ Wọn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Dẹ́rẹ́bà kú. Nígbà tó fi máa kú, ikùn rẹ̀ ti wú bíi ti aboyún oṣù mẹ́sàn-án, ẹyin ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti gbẹ bí igi ìdáná. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ilé.

Ìyá rẹ̀ ló pa á lójú dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbé abọ́ tí ọmọ náà bì sí, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fọ̀ ọ́, ó sì dojú rẹ̀ dé sórí ògiri kó lè gbẹ. Nígbà tí àwọn aládùúgbò sáré dé pẹ̀lú igbe, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n bá a tó ń gbá.

"Ẹ wọlé," ló wí. "Ó wà nínú yàrá."

Bí ẹni pé wọ́n wá kí ọmọ náà ni. Omijé kan kò bọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò bọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, kò sì bọ́ lọ́jọ́ kẹta. Ojú gbígbẹ yẹn ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rí, òun ni wọ́n sì ń gbé kiri.

Kì í ṣe òkú àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọdún méjì ṣáájú, Bíríkìlà, àkọ́bí ilé náà, ti kú irú ikú kan náà: ikùn wíwú, ojú pípọ́n, ẹran ara tó ń yọ́ dànù. Bí ẹ̀ẹ̀kan bá jẹ́ èèṣì, wọn kò ní pe ẹ̀ẹ̀kejì bẹ́ẹ̀. Nínú ọmọ mẹ́rin tí Ìyá bí, ó wá ku Aránṣọ, ọmọbìnrin kan ṣoṣo, àti àbíkẹ́yìn tó ń lẹ táyà ní ẹ̀gbẹ́ títì, tí gbogbo ayé sì ń pè ní Táyà.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni Ìyàwó Bíríkìlà máa ń wí, kò sì ní parí òwe náà. Ta ni kò mọ ìyókù?

Òun ló sọ pé òwìwí kan bà lórí ilé ní ìrọ̀lẹ́ márùn-ún léraléra kí Dẹ́rẹ́bà tó kú. Lóòótọ́ ni òwìwí náà bà. Àjà ilé náà kún fún eku. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí eku nígbà tí òkú bá wà nílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ òwìwí nìkan kọ́ o. Òmíràn wà tó burú jù ú lọ. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ní ọjọ́bọ̀ kan, Ìyá àti Aránṣọ, tó máa ń ti ilé tirẹ̀ wá sùn mọ́jú, máa ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn kì í jẹun. Wọn kì í kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n á fi gèlè bo iwájú orí, Aránṣọ á gbé báàgì dúdú kan sí abíyá, ó di ọ̀sán gangan kí wọ́n tó padà. Bí o bá bi wọ́n pé níbo, wọ́n á ní ọjà. Wọn kò sì ní ru nǹkan kan bọ̀.

Ìyàwó Bíríkìlà wá bá Táyà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin Dẹ́rẹ́bà. Táyà ti ki tíúbù kan bọ omi, ó ń wá ibi tó ti ń jò.

"Ọkọ mi, ìwọ nìkan ló kù."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì jókòó síbí tí ò ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Afẹ́fẹ́ inú tìẹ ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́bọ̀ wọn tún bọ́ sí. Tẹ̀ lé wọn. Ṣáà tẹ̀ lé wọn, kí ojú tìẹ náà rí ibi tí wọ́n ti ń pín ẹran."

"Ìyá mi lò ń sọ yẹn."

"Ìyá ọkọ mi náà ni. Ṣé mo ní kó o lù ú ni? Mo ní kó o lọ wò ó."

Láti ìgbà ìsìnkú ni ọ̀rọ̀ ti ń dé etí Táyà bí ẹni pé wọ́n fi òwú dí i. Ó ń rí ẹnu obìnrin náà tó ń ṣí tó ń pa dé, ó sì ń rí omi inú abọ́ tó ń hó wúyẹ́wúyẹ́ níbi tí tíúbù ti lu. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Kò bínú. Kò banú jẹ́. Ó kàn rẹ̀ ẹ́.

Rírẹ̀ náà gan-an lohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti tó oṣù méjì tó jẹ́ pé bó bá tú táyà ọkọ̀ ńlá kan, àfi kó jókòó. Ṣòkòtò rẹ̀ ń yọ̀ ní ìdí, ó fi okùn sán an. Nǹkan kan ń wúwo lábẹ́ ìhà rẹ̀ ọ̀tún bí òkúta. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi tíì. Ó ń ra àgbo kíkorò mu lọ́wọ́ obìnrin tó ń kiri, bí obìnrin náà bá sì bi í pé kí ló ń ṣe é, á ní, "Iṣẹ́ ni." Ọkùnrin ò ṣáà ní máa sọ kiri pé ó rẹ òun. Bíríkìlà kò sọ ọ́. Dẹ́rẹ́bà kò sọ ọ́. Nínú ara rẹ̀, Táyà ti gbà pé ó ti kan òun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Bàbá Káfíńtà pe ìpàdé ẹbí. Àbúrò bàbá wọn tó ti kú ni, àgbàlagbà tó ti fi iṣẹ́ àga kíkàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tíì fi àṣẹ pípa sílẹ̀. Pálọ̀ ni wọ́n jókòó sí. Ìyá jókòó lórí àpótí kékeré lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó wa," ni Bàbá Káfíńtà bẹ̀rẹ̀, "mi ò fẹ́ ariwo. Mo ti dé ọ̀dọ̀ aríran mẹ́ta. Ẹnu wọn kò yàtọ̀. Wọ́n ní obìnrin ni, inú ilé ló wà, ọmú rẹ̀ ni àwọn ọmọ náà sì mu dàgbà. Ìwọ náà sọ̀rọ̀. Ta ló ń pa àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi?"

Ìyá ń wo ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí Bíríkìlà fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́. Ó wò ó títí, bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan.

"Èmi ni," ló wí.

Ìyàwó Bíríkìlà ké igbe kan ṣoṣo, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá!" Aránṣọ fò dìde. "Kí lẹ̀ ń sọ? Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́! Bàbá, ẹ má dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ náà ò rí..."

"Jókòó," ni Ìyá wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ara mi ni wọ́n ti kó o. Ọkọ mi, ẹ ti gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀."

Ó ti ń pe Bàbá Káfíńtà ní ọkọ láti ọjọ́ tó ti wọ ilé náà bí ìyàwó, nígbà tí ìyẹn ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Bàbá Káfíńtà alára ya ẹnu sílẹ̀. Ó ti múra ìjà, kò sì rí ẹni bá jà.

"Ó dáa," ló wí níkẹyìn. "Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, kó o kó ẹrù ẹ jáde nílé yìí. A ò ní nà ọ́, a ò ní jó ọ níná. Ṣáà máa lọ."

Ìyá ní ó ti yé òun. Ó dìde, ó lọ gbé ìkòkò rẹ̀ kaná. Táyà jókòó síbẹ̀ ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò sì mọ ohun tó yẹ kó máa ṣe é.

Nígbà tí ọjọ́bọ̀ dé, kùrukùru bolẹ̀. Táyà gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dún kíún. Ó mú irin tó fi ń tú táyà, ó tì í bọ apá ẹ̀wù, ó tẹ̀ lé wọn. Ìyá wà níwájú, Aránṣọ lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fọhùn. Ẹyẹ kan fò la ọ̀nà kọjá lórí wọn, ara Táyà bù máṣọ. Wọ́n gba ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì, wọ́n sọdá afárá pákó, wọ́n yọ sí oríta, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì kékeré kan. Táyà dá alùpùpù dúró.

"Tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì yẹn. Má sún mọ́ ọn jù."

"Ṣé ìyàwó yín ló wà níbẹ̀ ni, ọ̀gá?" ni ọlọ́kọ̀ náà bi í.

"Ìyá mi ni."

Ọlọ́kọ̀ náà bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣáná sí alùpùpù.

Nínú ìlú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà irin gíga kan. Wọ́n kọjá níwájú ilé ńlá, wọ́n yí sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wọ ilé gbọọrọ kan. Táyà yọ́ lọ sí ojú fèrèsé, ó yọjú.

Obìnrin ló kún ibẹ̀. Ó tó ogójì. Wọ́n jókòó méjì-méjì lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ iná funfun, olúkúlùkù pẹ̀lú káàdì pélébé lọ́wọ́, wọn kò sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ jáde láti yàrá inú. Kò pe orúkọ. Nọ́ńbà ló pè. Ẹnìkan dìde, ó wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ẹgbẹ́ àjẹ́ náà rèé lóòótọ́. Ó fa irin rẹ̀ yọ, ó sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n." Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà di apá rẹ̀ mú jẹ́jẹ́. "Táyà ta lẹ fẹ́ tú níbí?"

Àwọn obìnrin náà wò ó. Ẹnìkan nínú wọn rẹ́rìn-ín sínú. Níbẹ̀ ni Aránṣọ ti yí ojú padà tó rí i.

Ó gbà á lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, ó fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín òun àti Ìyá. Irin náà wà lórí itan Táyà.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?" ni Táyà bèèrè.

"À ń gba oògùn," ni Aránṣọ fèsì. "Ọdún kẹfà rèé. Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi bí wọ́n ṣe ń fa ti gbogbo aboyún. Wọ́n rí àrùn kan níbẹ̀. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀dọ̀ ló ń jẹ, díẹ̀díẹ̀, ó lè jẹ ẹ́ fún ogún ọdún kí èèyàn má mọ̀. Wọ́n ní kí n mú ìyá mi wá, àti gbogbo ọmọ ìyá mi. Màmá wá. Ó wà lára àwọn náà."

"O ò sọ fún wa."

"Mi ò sọ?" Ojú Aránṣọ kan. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ wá kí ọmọ mi, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní pálọ̀ mi. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bíríkìlà ní ògiri tóun ń rẹ́ máa gbẹ. Dẹ́rẹ́bà ní, 'Ṣé èmi ló lóyún ni?' Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀rín lò ń rín. O rín in títí omi fi gbà ọ́ lọ́fun."

Táyà rántí. Ẹ̀rín náà gan-an ló rántí, bó ṣe dùn tó.

"Ṣùgbọ́n o ò sọ pé ó ń pa èèyàn. O ò sọ ibi tó ti wá."

Aránṣọ wo Ìyá. Ìyá ti ń ká etí káàdì rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Èmi ni mo ní kó má sọ," ni Ìyá wí. "Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bí yín ni ẹ gbà á lára mi. Mi ò mọ̀ pé mo ní nǹkan kan lára nígbà náà. Ara mi le. Ṣé kí n wá pe àwọn ọmọ mi jọ, kí n ní inú mi lẹ ti kó ikú? Ta ló máa gbọ́ ọ tí kò ní pè é ní àjẹ́? Mo rò pé mo lè tàn yín wá. Mo bẹ Bíríkìlà. Mo bẹ Dẹ́rẹ́bà, mo ní màá bá a lọ, màá di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ó ní kí n má dójú ti òun."

"Ẹ wá ní ẹ̀yin lẹ pa wọ́n."

"Ṣé irọ́ ni?" Ohùn rẹ̀ tẹ́jú bí ilẹ̀ tí wọ́n gbá. "Orúkọ tí wọ́n pè é nìkan ni kò jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì pe nọ́ńbà wọn. Obìnrin àgbà ni, gíláàsì rẹ̀ wà ní góńgó imú. Ó wo Táyà, ó wo ojú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀.

"Ta ní ń jẹ́ èyí?"

"Àbíkẹ́yìn mi ni," ni Ìyá dáhùn.

"Èyí tó kù?"

"Èyí tó kù."

Nọ́ọ̀sì di rọ́bà mọ́ ọn lápá. Bó ṣe ń wá iṣan ni Táyà ń wo bẹ́ǹṣì ìta láti ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé obìnrin nìkan ni àrùn yìí ń mú ni?"

"Ọkùnrin ló ń pa jù," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣùgbọ́n ọkùnrin kì í lóyún, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn obìnrin máa ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá síbí. Ọkùnrin, gbígbé ni wọ́n ń gbé wọn wá. Dúró jẹ́jẹ́."

Kò dùn ún tó bó ṣe rò.

Ó wà lára rẹ̀. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní àpá, ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Nọ́ọ̀sì ní hóró oògùn kan ni lójúmọ́, lójoojúmọ́. Kó má mutí. Kó má mu àgbo kankan mọ́, nítorí ẹ̀dọ̀ tó ti ní àpá ni àgbo náà ń kọjá. Kó padà wá lóṣù mẹ́ta.

"Ṣé ó máa lọ?"

"Kò ní lọ. Ṣùgbọ́n ó lè dákẹ́. Ká ní ẹ̀gbọ́n rẹ kejì wá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ìwọ àti òun lẹ ò bá jọ wà níbí lónìí."

Táyà ní ó dáa. Ó dúró de ẹ̀rù, ẹ̀rù kò dé. Níta, lábẹ́ igi, Ìyá ya búrẹ́dì sí mẹ́ta, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní ìdúró.

Bàbá Káfíńtà kò yẹ àdéhùn. Ọjọ́ Ẹtì ni ó dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì láti wá kó ẹrù Ìyá síta. Táyà ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ìyá mi ò lọ síbì kankan."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri: ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀, ọjọ́ ìbí, oògùn. Nígbà tó parí, Bàbá Káfíńtà mi orí.

"Ẹnu nọ́ọ̀sì lo wá gbà gbọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ mi ni mo gbà gbọ́. Bẹ́ ẹ bá lé e, èmi náà á bá a lọ. Ta ni yóò wá kù tẹ́ ẹ máa pàṣẹ fún?"

Ìyàwó Bíríkìlà ti jáde síta, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà. "Dúró ná," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ yẹn. Wọ́n fa tèmi náà nígbà oyún. Wọ́n ní èmi ò ní in. Wọ́n gún àwọn ọmọ mi lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí mo bí wọn. Wọ́n sì fún mi ní ìwé kan pé kí ọkọ mi náà wá." Ó wo ilẹ̀. "Mo gbé ìwé náà fún un. Ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣírò iye búlọ́ọ̀kù. Mo rí i. Mo rí i tó ń kọ ọ́, mi ò sọ nǹkan kan."

Ó jókòó sílẹ̀ nínú eruku. Ìyá ló jáde wá gbé e dìde, kò sọ pé ó tọ́ sí i, kò sọ pé kò tọ́ sí i. Ó kàn gbọn eruku ara aṣọ rẹ̀ dànù. Àwọn ọkùnrin méjì náà wo ara wọn, wọ́n sì bá ọ̀nà tiwọn lọ.

Bàbá Káfíńtà kò gbà. Ó ń sọ kiri pé àjẹ́ ayé òde òní ti mọ ìwé. Ṣùgbọ́n kò tún wá kó ẹrù mọ́. Táyà ń lo oògùn rẹ̀. Òkúta abẹ́ ìhà rẹ̀ ń fúyẹ́ ní díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé òun ti tú táyà ńlá méjì láìjókòó, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú irin lọ́wọ́, ó ń ronú nípa Dẹ́rẹ́bà títí oníbàárà fi pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́ta, Bàbá Káfíńtà yí táyà kẹ̀kẹ́ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù. Táyà yọ tíúbù inú rẹ̀, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó kì í bọ omi, ó yí i po. Kò hó rárá. Ó tún yí i po.

"Táyà yìí ò jò, Bàbá."

"Mo mọ̀."

Bàbá Káfíńtà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà yẹn. Ṣé apá ni wọ́n ti ń fà á, àbí ìdí?"

"Apá ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mò ń dìde tọ̀ lóru, ó ti tó ọdún kan. Kì í tán. Láti ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde." Ó ń sọ ọ́ fún omi inú abọ́. "Mo rò pé ìyá ẹ ló dè mí."

Táyà nu ọwọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí inú bí i. Ó wá inú bíbí náà nínú ara rẹ̀ kò rí i, àárẹ̀ ọkùnrin àgbà nìkan ló rí.

"Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ kọ́ nìyẹn, Bàbá. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ìyẹn náà níbẹ̀. Ìyá mi ló mọ ọ̀nà ju èmi lọ. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kó mú yín dání."

"Mi ò lè wo ojú ẹ̀."

"Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ nígbà náà, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé e."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, fìlà lọ́wọ́. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà. Bàbá Káfíńtà ń yí fìlà náà po. Ìyá mú òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó jù ú nù, kò gbé orí sókè.

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni, ọkọ mi," ló wí. "Ẹ wọ bàtà tó rọ̀ yín lẹ́sẹ̀. Ọ̀nà náà jìn."